Jẹ́ẹ̀tì Kékeré Olówó Pọ́ọ́kú: Àgbéyẹ̀wò Àwọn Ọ̀nà Tí Wọ́n Ti Gbà Wá A

Ó ti lé ní ogún ọdún tí ìbéèrè kan ti ń jà ràn-ìn láàárín àwọn tó ń kọ́ bàálù, àwọn tó ń wà á, àti àwọn tó ń yá wọn lówó. Ṣé jẹ́ẹ̀tì kékeré tí èèyàn lè fúnra rẹ̀ wà lè di ohun tí oníṣòwò tó rí jájẹ, dókítà tàbí agbẹjọ́rò lè rà, láìjẹ́ pé ó wà lára àwọn olówó ayé? Kì í ṣe àwọn bàálù ńlá tí àwọn olórí ìjọba àti gbajúmọ̀ olówó fi ń rìn là ń sọ. Bàálù tó ń gbé èèyàn mẹ́rin sí mẹ́fà ni, tí kò wúwo ju tọ́ọ̀nù márùn-ún lọ, tí awakọ̀ kan ṣoṣo sì lè darí. Amẹ́ríkà ni ọ̀rọ̀ náà ti gbóná jù, nítorí pé wọ́n ní nǹkan bí 5,000 pápákọ̀ òfuurufú tó ṣí sílẹ̀ fún gbogbo èèyàn, tí àwọn bàálù elérò ńláńlá kò sì ń dé ju ìwọ̀nba díẹ̀ lára wọn lọ.

Èsì tí wọ́n ti fún ìbéèrè yìí pọ̀, wọ́n sì ń ta kora. Mo fẹ́ gbé wọn yẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan, kí n sọ ibi tí ẹsẹ̀ kálukú ti múlẹ̀ àti ibi tí ó ti mì. Èrò tèmi ni pé àwọn jẹ́ẹ̀tì kékeré tó yè títí dòní ni àwọn tó jáwọ́ nínú ìlérí owó pọ́ọ́kú, àwọn tó sì di ìlérí náà mú ṣinṣin ló kógbá wọlé. Síbẹ̀, èyí nìkan kò tó láti fi dájọ́ pé ìlérí náà kò lè ṣẹ láéláé.

Ilẹ̀ tí ọ̀rọ̀ náà ti hù

Lọ́dún 1978, àwọn iléeṣẹ́ Amẹ́ríkà kó bàálù 17,811 fún àwọn tó rà á fún ìlò ara wọn, fún okòwò wọn tàbí fún ilé ẹ̀kọ́ awakọ̀. Nígbà tó fi máa di 1994, iye náà ti já wálẹ̀ sí 928. Ọ̀pọ̀ èèyàn di ẹ̀bi rẹ̀ ru ilé ẹjọ́: bí bàálù tó ti fò fún ọgbọ̀n ọdún bá já, wọ́n ṣì lè pe iléeṣẹ́ tó kọ́ ọ lẹ́jọ́, nítorí náà iléeṣẹ́ á ti fi owó ẹjọ́ tí kò tíì dé kún iye bàálù tuntun. Lọ́dún 1994 yẹn gan-an ni ìjọba àpapọ̀ ṣe òfin tó fi òpin sí irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ bí bàálù bá ti pé ọdún 18.

Àjọ NASA náà dá sí i. Lọ́dún 1994, wọ́n kó àwọn iléeṣẹ́ àti yunifásítì jọ sábẹ́ ètò kan tí wọ́n pè ní AGATE, láti sọ bàálù kékeré di ohun tó rọrùn wà, tó sì rọrùn kọ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fún Williams International ní iṣẹ́ láti ṣe ẹ́ńjìnnì jẹ́ẹ̀tì tó kéré gan-an. Iléeṣẹ́ yìí ti fi ẹ́ńjìnnì tín-ín-rín fún mísáìlì àwọn ológun ṣe orúkọ. Ẹ́ńjìnnì mísáìlì kò ní ju ìrìn àjò kan ṣoṣo lọ láyé rẹ̀, ti bàálù elérò sì gbọ́dọ̀ lo ẹgbẹẹgbẹ̀rún wákàtí. Àárín ohun méjèèjì yìí jìnnà ju bí ọ̀pọ̀ àwọn tó kówó lé àlá náà ṣe rò lọ. Láti 2001 sí 2005, NASA tún gbé ètò SATS kalẹ̀. Èrò wọn níbẹ̀ ni pé bàálù kéékèèké yóò máa gbé èèyàn láti pápákọ̀ kékeré kan sí òmíràn, kí wọ́n lè yẹra fún pápákọ̀ ńlá tó kún fọ́fọ́.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé àlá tuntun ni. Ohun tí Cessna ń wá nígbà tó gbé Citation jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1970 náà nìyẹn: jẹ́ẹ̀tì tó rọrùn wà, tó lè balẹ̀ sí pápá kúkúrú, tí iye rẹ̀ kò sì tó mílíọ̀nù kan dọ́là nígbà náà. Àwọn alátakò fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé kò yá, ṣùgbọ́n ọjà rẹ̀ tà. Lọ́dún 1977, wọ́n gba àṣẹ fún irú rẹ̀ kan tí awakọ̀ kan ṣoṣo lè wà. Ìdílé Citation náà ṣì wà lójú ọjà títí dòní, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ rẹ̀ ń tóbi sí i, iye wọn sì ń lọ sókè sí i.

Ìdí tí kékeré kì í fi í ṣe pọ́ọ́kú

Kí á tó dé orí ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan, ohun kan wà tí gbogbo wọn jọ ń bá wọ̀yá ìjà. Tí a bá sọ ẹ́ńjìnnì jẹ́ẹ̀tì di ìdajì ìwọ̀n rẹ̀, iye owó rẹ̀ kì í di ìdajì. Iye ẹ̀yà ara tó wà nínú rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ dín kù. Irin tó ń fara da iná inú rẹ̀ kò yí padà, àyẹ̀wò tí ìjọba ń béèrè kò yí padà. Àlàfo tó wà láàárín ṣóńṣó abẹ ẹ́ńjìnnì àti ògiri tó yí i ká kò sì ṣeé mú kéré tó bí ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ ṣe kéré, nítorí náà afẹ́fẹ́ tó ń bọ́ gba àlàfo yẹn lọ lófo pọ̀ ju ti ẹ́ńjìnnì ńlá lọ. Èyí ni pé ẹ́ńjìnnì kékeré máa ń mu epo ju bó ṣe yẹ lọ ní ìwọ̀n agbára rẹ̀.

Jẹ́ẹ̀tì tún nílò òkè kí ó tó lè ṣọ́ epo lò. Nísàlẹ̀, epo rẹ̀ ń dà lọ. Bí ó bá sì gòkè dé ẹsẹ̀ bàtà 30,000 sókè, ara bàálù gbọ́dọ̀ lágbára tó láti dá afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ dúró, àwọn ohun èlò tó ń wọn òkè gbọ́dọ̀ péye gan-an, ètò afẹ́fẹ́ pàjáwìrì gbọ́dọ̀ wà. Nǹkan wọ̀nyí ni jẹ́ẹ̀tì tó ń gbé èèyàn mẹ́rin àti èyí tó ń gbé èèyàn mẹ́jọ jọ nílò. Ẹni tó fẹ́ kọ́ ti èèyàn mẹ́rin yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ ná iye tí ẹnì kejì rẹ̀ ná, ṣùgbọ́n kò ní lè tà á ní iye tí ẹnì kejì rẹ̀ tà á.

Ẹ̀kọ́ kìíní: ẹ kọ́ ọ lọ́pọ̀ yanturu, owó á wálẹ̀ fúnra rẹ̀

Vern Raburn, ẹni tó wà lára àwọn ọ̀gá ìbẹ̀rẹ̀pẹ̀pẹ̀ ní Microsoft, ló gbé ẹ̀kọ́ yìí ga jù lọ. Lọ́dún 1998 ló dá Eclipse Aviation sílẹ̀, wọ́n sì fi Albuquerque ní ìpínlẹ̀ New Mexico ṣe ibùjókòó. Ohun tó ń sọ yé gbogbo ẹni tó ti rí bí iye kọ̀ǹpútà ṣe ń já wálẹ̀ lọ́dọọdún: bàálù wọ́n nítorí pé ìwọ̀nba díẹ̀ ni wọ́n ń kọ́, bí a bá kọ́ ẹgbẹ̀rún kan lọ́dún, iye rẹ̀ á sún mọ́ ti bàálù ẹlẹ́ńjìnnì písítọ́ọ̀nù. Iye tí wọ́n kéde fún Eclipse 500 jẹ́ 837,500 dọ́là, nígbà tí kò sí jẹ́ẹ̀tì tuntun kankan tí owó rẹ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀.

Iṣẹ́ ọpọlọ wà nínú rẹ̀ lóòótọ́. Dípò kí wọ́n fi ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìṣó kan páànù ara bàálù mọ́ra, wọ́n lo ẹ̀rọ tí orí rẹ̀ ń yí bíríbírí láti po ìpẹ̀kun páànù méjì pọ̀ di ọ̀kan. Ó yára, ó sì mọ́. Ẹ̀bùn Collier, tó wà lára àwọn ẹ̀bùn tó níyì jù lọ nínú iṣẹ́ bàálù ní Amẹ́ríkà, bọ́ sí wọn lọ́wọ́ fún ọdún 2005, kí bàálù náà tó gba àṣẹ ìjọba rárá.

Ibi ẹ́ńjìnnì ni àjàgà ti kọ́kọ́ bọ́. Bàálù náà kọ́kọ́ fò ní oṣù kẹjọ ọdún 2002 pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì EJ22 ti Williams, ọmọ bíbí inú iṣẹ́ tí NASA gbé fún wọn. Kò pẹ́ rárá tí Eclipse fi jáwọ́ nínú ẹ́ńjìnnì náà, tí wọ́n sì lọ bá Pratt & Whitney Canada fún PW610F. Ẹ́ńjìnnì tuntun yìí wúwo ju ti àkọ́kọ́ lọ, èyí ló mú kí wọ́n tún bàálù yà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ 30 oṣù kẹsàn-án ọdún 2006 ni àṣẹ tó jáde. Iye rẹ̀ ti ń gòkè nígbà náà, ó sì kọjá mílíọ̀nù méjì dọ́là kí ọdún 2008 tó parí. Ní oṣù kọkànlá ọdún yẹn ni iléeṣẹ́ náà kéde pé òun ti wọ gbèsè. Nǹkan bí 260 bàálù ni wọ́n ti kọ́, owó àwọn olùdókòwò tó ti wọlé sì lé ní bílíọ̀nù kan dọ́là.

Àwọn tó ṣì di ẹ̀kọ́ yìí mú ní ìdáhùn tó lágbára. Wọ́n ní bàálù náà fò bí wọ́n ṣe ṣèlérí: ó ń sáré tó kílómítà 680 ní wákàtí kan, ó ń gòkè dé ẹsẹ̀ bàtà 41,000, epo tó ń mu sì kéré sí ti gbogbo jẹ́ẹ̀tì ẹlẹ́ńjìnnì méjì tó ṣáájú rẹ̀. Wọ́n ní ọ̀dá owó tó kọlu gbogbo ayé lọ́dún 2008 ló pa á, kì í ṣe ìṣirò. Mo gbà pé ọ̀dá owó náà ṣe ti rẹ̀. Ṣùgbọ́n iléeṣẹ́ náà ti ń ta bàálù kọ̀ọ̀kan ní iye tó kéré sí owó tó fi kọ́ ọ kí ọ̀dá náà tó dé, nítorí pé ó ti dá iye lé e kí ó tó mọ ohun tí yóò ná an.

Ìwé àṣẹ ọjà tí wọ́n fi ń yangàn, tó lé ní 2,500, tún gbára lé oníbàárà kan ṣoṣo ju bó ti yẹ lọ: iléeṣẹ́ takisí òfuurufú tí a ó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ láìpẹ́. Àjọ FAA alára, tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ bàálù fún ìjọba Amẹ́ríkà, gba ìròyìn ayọ̀ náà gbọ́. Lọ́dún 2006, wọ́n fojú díwọ̀n pé jẹ́ẹ̀tì kéékèèké irú èyí yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ pé 5,000 lójú òfuurufú Amẹ́ríkà tó bá fi máa di 2017. Kò sún mọ́ ọn rárá.

Ẹ̀kọ́ kejì: ẹ dín ohun tó wà lára rẹ̀ kù

Àwọn kan gbà pé iye ẹ̀yà ara ló yẹ kí á dín kù, kí á má wulẹ̀ gbójú lé iye tí a óò tà. Ẹ́ńjìnnì kan dípò méjì. Kí bàálù má sáré jù, kí ó má gòkè jù. Diamond gbìyànjú D-Jet, Piper gbìyànjú Altaire. Piper dá tirẹ̀ dúró ní oṣù kẹwàá ọdún 2011, Diamond dá tirẹ̀ dúró lọ́dún 2013. Kò sí ẹni tó sọ pé bàálù méjèèjì kò lè fò. Owó tó kù láti fi gba àṣẹ ìjọba ló kọjá ohun tí ojú lè fara dà.

Cirrus ti ìlú Duluth ní ìpínlẹ̀ Minnesota nìkan ló gun òkè náà dé orí. Vision Jet rẹ̀ ní ẹ́ńjìnnì Williams kan ṣoṣo tó jókòó sórí ẹ̀yìn, ìrù rẹ̀ yà sí méjì bíi lẹ́tà V kí èéfín ẹ́ńjìnnì lè rí àyè gbà kọjá, pàráṣúùtì ńlá sì wà ní imú rẹ̀ tó lè gbé odindi bàálù náà wálẹ̀ bí ohun gbogbo bá dàrú. Ẹsẹ̀ bàtà 28,000 ni òpin òkè rẹ̀ nígbà tó jáde. Ọgbọ́n wà níbẹ̀, torí láti 29,000 sókè ni òfin ti ń béèrè ohun èlò tó péye jùlọ lọ́wọ́ bàálù. Nígbà tó yá ni wọ́n sún un dé 31,000. Ó gba àṣẹ ní ọjọ́ 28 oṣù kẹwàá ọdún 2016, ó ti ju 600 lọ tí wọ́n ti kó fún oníbàárà, ó sì tún gba ẹ̀bùn Collier fún ọdún 2017.

Ohun tó dára jù nínú ẹ̀kọ́ yìí, lójú tèmi, kì í tilẹ̀ ṣe ẹ́ńjìnnì kan náà. Cirrus ti ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún oníbàárà tó ń wa bàálù písítọ́ọ̀nù rẹ̀, tí wọ́n mọ pàráṣúùtì náà, tí wọ́n mọ bí ojú pátákó rẹ̀ ṣe rí. Jẹ́ẹ̀tì náà wá di àtẹ̀gùn tó kàn fún wọn. Eclipse kò ní irú àtẹ̀gùn bẹ́ẹ̀: àjèjì ló fẹ́ ta jẹ́ẹ̀tì fún.

Ṣùgbọ́n ẹ wo iye. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, nǹkan bí mílíọ̀nù kan dọ́là ni wọ́n ń dárúkọ. Nígbà tí àṣẹ jáde, ó ti di mílíọ̀nù kan àti 960,000. Lónìí ó ti kọjá mílíọ̀nù mẹ́ta. Iléeṣẹ́ náà pàápàá kì bá tí rí ibẹ̀ dé bí kò bá ṣe pé CAIGA, tí í ṣe ti ìjọba Ṣáínà, rà á lọ́dún 2011 tó sì gbówó sílẹ̀ fún jẹ́ẹ̀tì tó ti ń falẹ̀. Àwọn alátakò tún ní òótọ́ tiwọn: nǹkan bí kílómítà 555 ní wákàtí kan ni ó ń sá, bàálù alábẹ̀bẹ̀ kan wà tó ń kọjá rẹ̀, bí ọ̀nà bá sì jìn, kò sí bí gbogbo ìjókòó ṣe lè kún kí epo náà sì tún kún.

Àwọn iléeṣẹ́ tí àpò wọn jìn

Èrò kẹta ni pé iléeṣẹ́ tuntun kò lè ṣe é. Àwọn tó ti ní owó àti sùúrù ni kó ṣe é. Cessna mú Mustang jáde lọ́dún 2006, Embraer ti ilẹ̀ Brazil mú Phenom 100 jáde lọ́dún 2008, Honda sì mú HondaJet jáde ní òpin 2015. Michimasa Fujino ló ṣáájú iṣẹ́ HondaJet, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sì wà lórí ìyẹ́ apá kí inú bàálù lè ráyè sí i.

Gbogbo wọn ló dára, gbogbo wọn ló gba àṣẹ. Kò sí èyí tó jẹ́ pọ́ọ́kú nínú wọn. HondaJet tuntun ti tó nǹkan bí mílíọ̀nù méje dọ́là. Cessna dáwọ́ Mustang dúró lọ́dún 2017 lẹ́yìn tó ti kọ́ ohun tó lé ní 470, ó sì kọjú sí M2 tó tóbi jù ú lọ. Honda náà ti ń kọ́ èyí tó tóbi jù, tí wọ́n pè ní Echelon. Bí iléeṣẹ́ bá ti mọ bí a ṣe ń kọ́ jẹ́ẹ̀tì, èrè á pè é lọ sọ́dọ̀ èyí tó tóbi. Mi ò rí ohun kan lọ́jà lónìí tó ń fa iléeṣẹ́ padà sísàlẹ̀.

Má rà á, wọ̀ ọ́

Àwọn kan ní ìbéèrè náà ti yà kúrò lọ́nà láti ìbẹ̀rẹ̀. Èèyàn kò nílò jẹ́ẹ̀tì, wọ́n ní. Ìrìn àjò ló nílò. Láti 1986 ni NetJets, lábẹ́ Richard Santulli, ti ń ta ìpín nínú bàálù, kí ọ̀pọ̀ èèyàn lè pín ẹrù bàálù kan gbé. Ìyẹn dúró títí dòní, ṣùgbọ́n àwọn olówó ló ń jẹ ẹ́ jù. Èyí tó bá ìbéèrè wa mu jù ni DayJet, iléeṣẹ́ takisí òfuurufú tí mo mẹ́nu bà lókè, tí Ed Iacobucci dá sílẹ̀ ní Florida. Èrò rẹ̀ ni pé kí oníbàárà ra ìjókòó kan, kó sọ àkókò tó lè dúró dà. Ẹni tó lè dúró pẹ́ á san owó tó kéré, kọ̀ǹpútà yóò sì máa ṣe ìṣirò bí wọ́n ṣe máa kó àwọn tí ọ̀nà wọn pàdé sínú bàálù kan.

Oṣù kẹwàá ọdún 2007 ló bẹ̀rẹ̀, oṣù kẹsàn-án ọdún 2008 ló ti ilẹ̀kùn. Ó lo Eclipse 28, nígbà tí ètò rẹ̀ nílò ọ̀pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ kí ìṣirò náà tó lè dúró. Ẹ̀tọ́ ni kí á sọ pé ìṣirò náà kò já ní koro: ètò tó nílò àwọ̀n ńlá kò lè fi ìhò mẹ́ta mú ẹja, owó tí ì bá fi fẹ àwọ̀n náà sì gbẹ nígbà ọ̀dá.

Àìlera tí kò lọ ni bàálù òfìfo. Ẹni tó gbé èrò lọ sí ìlú kékeré kan gbọ́dọ̀ padà, bí kò bá sì rí ẹni tó ń bọ̀, oníbàárà àkọ́kọ́ ló ń san owó ìpadàbọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni òfin tó de iṣẹ́ takisí òfuurufú le ju ti ẹni tó ń wa tirẹ̀ lọ, nínú ìtọ́jú, nínú ìsinmi awakọ̀, nínú àyẹ̀wò. Lọ́dún 2020, nígbà kòrónà, JetSuite tó ń fi Phenom 100 ṣe irú iṣẹ́ yìí náà wọ gbèsè.

Àlòkù

Ẹ̀kọ́ yìí kì í pariwo, ṣùgbọ́n òun ló ti sọ èèyàn púpọ̀ di oníjẹ́ẹ̀tì láàárín àwọn tí kì í ṣe olówó ayé. Citation àtijọ́ ń lọ lọ́jà ní iye tó kéré sí ti bàálù písítọ́ọ̀nù tuntun, èyí tí òun náà ti ń sún mọ́ mílíọ̀nù kan dọ́là. Mustang àti Eclipse àlòkù pọ̀ lójú ọjà.

Ibi tó ti ń kọsẹ̀ ni pé ọjọ́ ogbó kì í dín owó ìtọ́jú kù. Títún ẹ́ńjìnnì méjì ṣe lára jẹ́ẹ̀tì àtijọ́ lè ju iye tí wọ́n ra bàálù náà lọ. Epo rẹ̀, ilé tí yóò máa wà, ẹ̀kọ́ awakọ̀ lọ́dọọdún, adójútòfò: iye jẹ́ẹ̀tì tuntun ni gbogbo wọn fi ń wọ̀n. Ti Eclipse tún ní ewu mìíràn, nítorí pé iléeṣẹ́ tó dúró lẹ́yìn rẹ̀ kú, iléeṣẹ́ tó gba ogún rẹ̀, One Aviation, tún wọ gbèsè lọ́dún 2018. Ẹni tó ra irú rẹ̀ gbọ́dọ̀ máa bi ara rẹ̀ pé ta ni yóò ṣe ẹ̀yà ara fún òun lọ́dún mẹ́wàá sí i.

Àwọn tó ní jẹ́ẹ̀tì kọ́ ló yẹ

Ẹgbẹ́ yìí gbà pé bàálù tọ́bópúrọ́ọ̀pù ti yanjú ọ̀rọ̀ náà tipẹ́. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ò yàtọ̀ púpọ̀ sí ti jẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n abẹ̀bẹ̀ iwájú ló fi í wọ́ bàálù. Ó ń balẹ̀ sí pápá kúkúrú, ó ń ṣọ́ epo lò ní òkè tí kò ga jù, ìdánwò tí ìjọba ń béèrè lọ́wọ́ awakọ̀ sì fúyẹ́. Ní Amẹ́ríkà, ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ wa jẹ́ẹ̀tì, bó ti wù kí ó kéré tó, gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ pàtó fún irú jẹ́ẹ̀tì yẹn. Tọ́bópúrọ́ọ̀pù kékeré kì í béèrè èyí. Pilatus ti Switzerland ti ta ohun tó lé ní 2,000 PC-12. TBM ti ilẹ̀ Faransé sì ń sáré kílómítà 610 ní wákàtí kan, èyí tó ju ti Vision Jet lọ.

Àlàyé wọn dán mọ́rán, àfi ibi iye. TBM tuntun wọ́n ju Vision Jet lọ. Òótọ́ kan tí ẹgbẹ́ méjèèjì kì í fẹ́ gbọ́ nìyẹn: abẹ̀bẹ̀ àti jẹ́ẹ̀tì kọ́ ló ń pinnu iye bàálù. Ìwọ̀nba èèyàn tí ń rà á ló ń pinnu rẹ̀, nítorí àwọn ni wọ́n ń pín owó ìwádìí àti owó àṣẹ láàárín ara wọn.

Òfin, awakọ̀ àti ìbẹ̀rù tó tọ́

Àwọn kan di gbogbo ẹ̀bi ru ìjọba. Wọ́n ní àṣẹ ló ń jẹ owó. FAA náà gbà dé ìwọ̀n kan, wọ́n sì tún òfin tó de bàálù kéékèèké kọ, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 2017: dípò kí wọ́n máa sọ bí a óò ṣe ṣe nǹkan, wọ́n ń sọ ohun tí nǹkan náà gbọ́dọ̀ lè ṣe. Títí di ìsinsìnyí, kò tíì sọ iye jẹ́ẹ̀tì kankan di kékeré lójú ọjà.

Apá kejì ọ̀rọ̀ náà wúwo lọ́kàn mi ju ti àkọ́kọ́ lọ. Awakọ̀ kan ṣoṣo nínú ohun tó ń sáré tó báyìí ni ẹni tó ń bójú tó ohun gbogbo. Ní oṣù kejìlá ọdún 2014, Phenom 100 kan já sórí ilé ní Gaithersburg, ìpínlẹ̀ Maryland. Èèyàn mẹ́ta inú rẹ̀ kú, ìyá kan àti ọmọ rẹ̀ méjì kú nínú ilé. Àwọn olùwádìí rí i pé yìnyín wà nínú ìkùukùu, awakọ̀ kò sì tan ètò tó ń fọ́ yìnyín kúrò lára ìyẹ́ apá. Bàálù náà kò ní àbùkù. Bí jẹ́ẹ̀tì bá rọ̀ lọ́rùn ju bó ṣe wà yìí lọ, àwọn awakọ̀ tí ìrírí wọn kò tó yóò pọ̀ sí i, àwọn iléeṣẹ́ adójútòfò sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ìdáhùn tó ń wá láti ìhà ẹ̀rọ lágbára. Láti 2020 ni Vision Jet ti ní bọ́tìnnì kan tí èrò lásán lè tẹ̀ bí awakọ̀ bá dákú: Garmin ló ṣe é, yóò yan pápákọ̀, yóò sọ̀rọ̀ sórí rédíò, yóò sì balẹ̀ fúnra rẹ̀. Ohun ńlá ni. Ṣùgbọ́n awakọ̀ tó ṣàìsàn nìkan ló ń ràn lọ́wọ́; ẹni tí ara rẹ̀ le, tó sì ń ṣe ìpinnu tí kò tọ́, ó ṣì wà ní ipò tó wà.

Ẹsẹ̀ tó ń rin ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà

Ọ̀nà méjì kù tí mi ò ní pẹ́ lórí wọn. Ìkíní ni jẹ́ẹ̀tì tí èèyàn tò fúnra rẹ̀, bíi BD-5J àtijọ́ tàbí SubSonex ti iléeṣẹ́ Sonex. Wọ́n jẹ́ pọ́ọ́kú lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìjókòó kan ṣoṣo ló wà nínú wọn, ìgbádùn ni wọ́n sì wà fún, kì í ṣe ìrìn àjò. Èkejì ni iná mànàmáná. Lilium ti ilẹ̀ Jámánì pe tirẹ̀ ní jẹ́ẹ̀tì, ó sì wọ gbèsè ní òpin 2024. Kílò epo kan ń gbé agbára tó lé ní ìlọ́po ogójì ti kílò bátìrì kan, ìyẹn sì ni gbogbo ìjà náà.

Ohun tí kò tíì yanjú

Àkọ́kọ́, kò sí ẹni tó tíì dán ẹ̀kọ́ ìkíní wò dé òpin. Eclipse kò ta jẹ́ẹ̀tì ní iye ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kí ó sì jèrè, nítorí náà a kò mọ̀ bóyá ẹgbẹ̀rún èèyàn lọ́dún wà tó fẹ́ rà á. Àwọn tó ní wọn kò sí àti àwọn tó ní wọ́n wà, èrò ọkàn wọn ni wọ́n ń sọ.

Ẹ́ńjìnnì tún wà níbẹ̀. Lábẹ́ jẹ́ẹ̀tì kéékèèké tó ń fò lónìí, orúkọ Williams àti Pratt & Whitney Canada ló pọ̀ jù, GE Honda sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bóyá ẹni tuntun lè wọlé pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì tí iye rẹ̀ já ní ìdajì, tí yóò sì lo ẹgbẹẹgbẹ̀rún wákàtí, kò sí ẹni tó lè fọwọ́ sọ̀yà.

Owó èéfín náà ń bọ̀. Ní Yúróòpù pàápàá, ohùn àwọn tó fẹ́ kí jẹ́ẹ̀tì aládàáni san owó orí tó pọ̀ sí i ń ròkè. A kò mọ̀ bóyá òfin irú bẹ́ẹ̀ yóò ya jẹ́ẹ̀tì kékeré sọ́tọ̀ tàbí kí ó fi igbá kan náà wọ̀n ọ́n.

Èyí tó ń jẹ mí lọ́kàn jù ni ti adójútòfò. Bí bọ́tìnnì abálẹ̀ àti àwọn ẹ̀rọ tó ń tẹ̀ lé e bá mú kí àwọn iléeṣẹ́ wọ̀nyí gba àwọn awakọ̀ tí wákàtí wọn kò pọ̀, àwọn tó lè rà á yóò pọ̀, ìṣirò àtijọ́ yóò sì tún ṣí. Bí wọ́n bá sì kọ̀, tí wọ́n ní àfi kí awakọ̀ kejì jókòó síbẹ̀, owó oṣù ẹnì kejì yẹn nìkan yóò ti jẹ́ ẹrù tí jẹ́ẹ̀tì oníjòókòó mẹ́rin kò lè gbé. Títí di àsìkò yìí, iléeṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ń dá tirẹ̀ pinnu, awakọ̀ lẹ́yìn awakọ̀.